Kókó ọ̀rá nínú ìfun ńlá bàbá mi: ṣé kí wọ́n gé e ni, àbí kí wọ́n fi í sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 63 ni bàbá mi, Ìbàdàn la wà. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ìgbẹ́ wọn jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. A rò pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n sì ń mu agbo. Nígbà tí ó ń rẹ̀ wọ́n jù, a lọ sí ọsibítù, PCV wọn, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ inú ara, jẹ́ 27. Wọ́n ṣe kọlonósíkọ́pì, ìyẹn fífi ẹ̀rọ gba ihò ìdí wo inú ìfun ńlá, wọ́n rí kókó kan tó ní àwọ̀ ìyeyè, tó tó sẹ̀ǹtímítà 3, ní apá ọ̀tún ìfun ńlá. Dókítà ní kókó ọ̀rá ni. Ó gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n lábù ní ẹran ìfun tó dára ni àwọn rí. Ṣé lábù ṣì í ni? Ṣé ó lè di jẹjẹrẹ? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n gé e kíákíá. Ìyá mi ní agbo kan wà tó ń yọ́ ọ̀rá.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ̀rù kan wà tí mo lè gbà lọ́wọ́ yín lójú ẹsẹ̀: lìpómà, ìyẹn kókó ọ̀rá inú ìfun, kì í di jẹjẹrẹ. Ọ̀rá inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tó wà lábẹ́ awọ ikùn wa. Ó kàn kóra jọ síbi kan ni, ó sì ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Jẹjẹrẹ ọ̀rá wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n gidi nínú ìfun ńlá. Nítorí náà, bí ó bá ti dájú pé lìpómà ni, ìbẹ̀rù jẹjẹrẹ kò tó ohun tí a ń torí ẹ̀ gé e.

Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dájú. Ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tó kù nínú ọ̀rọ̀ bàbá. Èkejì ló wúwo jù lójú tèmi: ta ló ni ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde yìí? Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti fi hàn pé kókó yìí ló ni ín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ọ̀bẹ kí ìbéèrè yẹn tó ní ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ lábù, torí lábù kò ṣì í. Ìpele mẹ́rin ni ara ìfun ńlá ní. Awọ inú ni ìgbẹ́ ń fara kàn. Abẹ́ awọ yìí ni ìpele rírọ̀ kan wà tí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣan tó ń fún pọ̀ láti ti ìgbẹ́ síwájú, awọ tín-ín-rín kan sì bo gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Bí a bá kó lìpómà 10 jọ, nǹkan bí 9 ló ń hù ní ìpele kejì, lábẹ́ awọ inú. Ẹ̀mú kékeré tó ń gba inú ẹ̀rọ kọlonósíkọ́pì kọjá kò lè gé jìn. Awọ orí kókó náà ló gé, awọ yẹn kò sì ní àrùn kankan. Ohun tí wọ́n gbé fún lábù ni lábù rí. Èsì bẹ́ẹ̀ kò sọ pé lìpómà kọ́, kò sì sọ pé lìpómà ni. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé awọ tó bò ó dára níbi tí wọ́n ti gé e.

Ohun tí dókítà fojú rí, tó sì fọwọ́ dán wò, sábà máa ń wúlò ju gígé yẹn lọ. Lìpómà máa ń dán, ó máa ń rí roboto, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń jọ ti ìyeyè. Bí dókítà bá pa ẹnu ẹ̀mú dé tó sì fi tì í, ojú ibẹ̀ á jìn wọlé. Bó bá ti gbé ẹ̀mú kúrò, á wú padà. Àmì ìrọ̀rí ni wọ́n ń pè é. Bó bá fi ẹ̀mú fa awọ orí rẹ̀, awọ nìkan ni yóò tẹ̀ lé e, yóò ga sókè bí àgọ́. Bó bá gé ojú kan náà léraléra, ọ̀rá gan-an á yọrí jáde láti ojú ọgbẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí, n kò rọ̀ yín láti béèrè fún un, torí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, CT, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, sì lè sọ ohun kan náà láìgé ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ CT rọrùn láti yé. Ẹ̀rọ náà ń fún gbogbo ohun tó wà nínú ara ní nọ́ńbà gẹ́gẹ́ bó ṣe ki tó. Omi jẹ́ 0. Iṣan àti ẹ̀dọ̀ wà lókè 0, ní nǹkan bíi 40 sí 60. Atẹ́gùn wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní nǹkan bíi -1000. Ọ̀rá wà láàárín -40 sí -120, jẹjẹrẹ ìfun kì í sì dé ibẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gba ìwé èsì, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ nọ́ńbà kan tí HU tẹ̀ lé. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹ ní kí dókítà béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ka àwòrán náà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Kókó tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 2 lè tàn CT jẹ, torí ìgbẹ́ àti atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń da nọ́ńbà rú, ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà 3 tó láti ṣeé wọ̀n. Ìgbà mìíràn tí nọ́ńbà lè má ṣe tààrà ni bí orí kókó náà bá ti di ọgbẹ́ tó wú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò dé inú rẹ̀ mọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ní ẹ̀rọ ọ̀tíràsáǹdì tó ń gba inú ìfun, èyí náà á fi kókó tó mọ́lẹ̀ yòò hàn ní ìpele kejì, ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹ máa wá a kiri bí CT bá ti sọ̀rọ̀ tó yanjú.

Ohun kan wà tí wọ́n máa ń pè ní lìpómà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu ibi tí ìfun kékeré ti ń wọnú ìfun ńlá lè ki fún ọ̀rá, kó wú yíká bí ètè. Kò ní àpò tó yà á sọ́tọ̀, kò sì nílò ìtọ́jú kankan. Bó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an ni wọ́n ti rí ti bàbá, ẹ béèrè èwo ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Lìpómà lè ṣẹ̀jẹ̀, ó sì ní bó ṣe ń ṣe é: kókó náà yọ sínú ọ̀nà ìgbẹ́, ìgbẹ́ ń gbo orí rẹ̀ lójoojúmọ́, títí awọ ibẹ̀ yóò fi bó, tó di ọgbẹ́. Nítorí náà ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi dókítà tó ṣe kọlonósíkọ́pì ni pé: ṣé ọgbẹ́ wà lórí kókó náà, àbí ó dán? Bó bá dán, tí kò sí ojú ọgbẹ́ kankan, kò rọrùn láti gbà pé lìpómà sẹ̀ǹtímítà 3 ló fa ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ẹni ọdún 63 sílẹ̀ dé 27. PCV ọkùnrin sábà máa ń lé ní 40. Ẹ tún bi í bóyá ẹ̀rọ náà dé ìpìlẹ̀ ìfun ńlá, níbi tí ẹnu àpẹ́ńdíìsì wà. Ẹ bi í bóyá ìfun mọ́ dáadáa lọ́jọ́ náà, àti bóyá kókó mìíràn wà. Jẹjẹrẹ àti lìpómà lè jọ wà nínú ìfun kan náà. Ewu tó wà nínú rírí lìpómà ni pé inú ènìyàn á dùn, á sì dáwọ́ wíwá dúró.

Fún ọkùnrin, àti obìnrin tí kò ṣe nǹkan oṣù mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó nítorí àìtó irin nínú ara, wíwo ìfun ńlá nìkan kò tó. Ó yẹ kí wọ́n gba ẹnu wo inú ikùn pẹ̀lú, torí ọgbẹ́ inú máa ń ṣẹ̀jẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ẹ ro gbogbo oògùn ara ríro tí bàbá ń lò: ibuprofen, diclofenac, àti àwọn ìyẹ̀fun inú ìwé tó ní aspirin tí wọ́n ń tà káàkiri. Gbogbo wọn ń dá ọgbẹ́ sí inú. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ wò fún ẹyin aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ẹni tó ń rìn lẹ́sẹ̀ lásán nínú oko.

Ní ti jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀jẹ̀ ẹnu ihò ìdí máa ń pupa fòò, orí ìgbẹ́ ló ń wà tàbí kó máa kán lẹ́yìn ìgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ti apá ọ̀tún ìfun bọ̀ máa ń dúdú díẹ̀, yóò sì ti pò mọ́ ìgbẹ́, tàbí kí ojú má rí i rárá títí ó fi ń rẹ ènìyàn. Ẹni tó bá ti lé ní 45 tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, agbo kọ́ ló kàn, kọlonósíkọ́pì ló kàn. Agbo tó ń yọ́ ọ̀rá kò lè kan lìpómà. Ọ̀rá oúnjẹ kọ́ ló lọ kóra jọ síbẹ̀. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń ní in, ẹni tó bá sì gbààwẹ̀ títí tó fi gbẹ, tirẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru tí agbo bẹ́ẹ̀ máa ń fà tilẹ̀ lè pa bàbá lára pẹ̀lú PCV yẹn.

Bí CT bá ti fi ìdí ọ̀rá múlẹ̀, ìwọ̀n kókó àti ìyọnu tó ń fà ni yóò sọ ohun tó kàn. Èyí tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 2 tí kò yọ ènìyàn lẹ́nu, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ lìpómà ló wà ní ipò yìí: nínú àyẹ̀wò òkú, 0.2 sí 4.4 nínú 100 ènìyàn ló ní in, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ títí wọ́n fi kú. Ọjọ́ orí 50 sí 70 ló wọ́pọ̀ sí. Èyí tó bá lé ní sẹ̀ǹtímítà 4 sábà máa ń fa inú rírun, ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbẹ́ tó ń yí padà láàárín gbuuru àti líle, ọ̀pọ̀ dókítà á sì gé e. Àárín méjèèjì ni bàbá bọ́ sí. Fún ẹni tó bá wà níbẹ̀, èrò mi nìyí: bí ọgbẹ́ bá wà lórí kókó náà, tí wíwo inú ikùn àti gbogbo ìfun ńlá kò sì fi ohun mìíràn tó ń ṣẹ̀jẹ̀ hàn, kí wọ́n yọ ọ́. Bó bá dán, tí wọ́n sì rí ibòmíràn tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, kí wọ́n tọ́jú ìyẹn, kí wọ́n sì fi ọ̀rá sílẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Àkọ́kọ́ ni láti gba inú ẹ̀rọ kọlonósíkọ́pì, láìla ikùn. Bí kókó náà bá ní ọrùn, dókítà á kọ́kọ́ fi okùn náílọ́ọ̀nù roboto kan so ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dé ibẹ̀, á wá fi wáyà oníná gé e lókè okùn náà. Bó bá jókòó pẹrẹsẹ, ó lè gún omi iyọ̀ sábẹ́ rẹ̀ láti gbé e kúrò lórí iṣan kó tó gé e, tàbí kó ṣí òrùlé kókó náà nìkan kí ọ̀rá fúnra rẹ̀ máa yọ jáde. Àwọn kan á kàn so ó, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó kú kó já fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àléébù ìyẹn ni pé kò sí ohun tí lábù yóò yẹ̀ wò, nítorí náà mi ò fara mọ́ ọn níbi tí iyèméjì bá ṣì wà.

Gígé lìpómà báyìí léwu ju gígé pọ́líìpù, ìyẹn èèhù ara awọ inú ìfun, tó tóbi bákan náà lọ, ìdí rẹ̀ sì yẹ kó yé yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Omi inú ọ̀rá kéré, iná mànàmáná kì í gbà á kọjá dáadáa. Dókítà á dúró lórí iná pẹ́ kó tó gé tán, ooru náà á sì lọ sára ìfun. Lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí kókó ńlá bá fa ìdí rẹ̀ wọlé, iṣan àti awọ ẹ̀yìn ìfun lè ti bá a wọ inú ohun tó dà bí ọrùn. Ẹni tó bá gé ibẹ̀ ti lu ìfun jáde nìyẹn. Ìdí nìyí tí okùn fi ń ṣáájú wáyà, tó sì fi yẹ kí ẹ béèrè bóyá dókítà náà ní kílíìpù tí a fi ń pa ojú ihò dé, àti bóyá oníṣẹ́ abẹ wà nítòsí. Lẹ́yìn rẹ̀, inú rírun tó ń le sí i, ikùn tó le gbandi, tàbí ibà, ẹ padà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ 2 kó tó yọjú.

Bí wọ́n bá ní kí bàbá tún kọlonósíkọ́pì ṣe, ìmọ́tótó ìfun ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ẹ dá oògùn irin dúró ní ọjọ́ 5 sí 7 ṣáájú, torí ó ń sọ ìgbẹ́ di dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ìfun. Láti ọjọ́ 3 ṣáájú, kò sí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, àgbàdo, ẹ̀pà, tàbí èso oníkóró. Ìrẹsì funfun, búrẹ́dì funfun, ẹyin àti ẹja dára. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, omi tó mọ́ gaara nìkan: omi, tíì láìní mílíìkì, omi ẹran tí a sẹ́. Ògì kì í ṣe omi tó mọ́ gaara. Zobo náà kò wọ̀ ọ́, àwọ̀ rẹ̀ á jọ ẹ̀jẹ̀. Bó bá jẹ́ oògùn oníyẹ̀fun PEG lítà 4 ni wọ́n fún un, kó mu lítà 2 nírọ̀lẹ́, lítà 2 yòókù ní nǹkan bíi wákàtí 5 ṣáájú àyẹ̀wò, kó sì parí rẹ̀ ó kéré tán wákàtí 2 ṣáájú. Ó ti mọ́ nígbà tí ohun tó ń jáde bá dà bí ìtọ̀ tó mọ́. Bó bá jẹ́ mannitol ni wọ́n fún un, tí wọ́n sì fẹ́ gé nǹkan, ẹ sọ fún dókítà: kòkòrò inú ìfun ń sọ mannitol di gáàsì tó lè gbiná, wáyà oníná sì ni wọ́n fẹ́ lò. Oògùn àtọ̀gbẹ àti oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, dókítà ni kó sọ bí ẹ ó ṣe ṣe é. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Ọ̀nà kejì ni iṣẹ́ abẹ. Ó kàn bí kókó bá tóbi, bó bá jókòó pẹrẹsẹ, bí ìfun bá ti dí, tàbí bí wọn kò bá lè fọwọ́ sọ̀yà pé jẹjẹrẹ kọ́. Bí ó bá dájú pé lìpómà ni kí wọ́n tó la ikùn, wọ́n lè la ìfun, yọ kókó, kí wọ́n rán an padà, tàbí kí wọ́n gé ìwọ̀nba apá kan. Bí kò bá dájú, gbogbo apá ọ̀tún ìfun ńlá ni wọ́n máa gé, bí ẹni ń gé jẹjẹrẹ. Ẹ rí i pé CT ṣáájú iṣẹ́ abẹ lè gba ẹ̀yà ara là. Níbi tí ohun èlò bá wà, ihò kékeré 3 tàbí 4 ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹni náà á sì tètè lọ sílé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá rán ìfun méjì pọ̀, nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7 ni kí ẹ la ojú yín jù: ibà, ọkàn tó ń sáré, àti ikùn tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro lè jẹ́ pé ojú ìrán ń jò.

Níwọ̀n ìgbà tí kókó náà bá ṣì wà níbẹ̀, ohun kan wà tí gbogbo ilé gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí ìfun ṣe ń ti ìgbẹ́ lọ, ó lè mú kókó náà mọ́ ìgbẹ́ kó máa tì í pẹ̀lú. Kókó á fa ìfun tó so mọ́ lọ, ìfun á kì bọnú ara rẹ̀ bí apá agbádá tí a ti wọlé. Nínú àgbàlagbà, ohun kan ló sábà máa ń fa irú ìfun bẹ́ẹ̀. Nínú ìfun ńlá, jẹjẹrẹ ló pọ̀ jù, lìpómà sì ni àkọ́kọ́ nínú àwọn tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Àmì rẹ̀ ni inú rírun tó ń wá tó ń lọ, ikùn tó wú, èébì, ìgbẹ́ àti ìsó tí kò jáde mọ́, tàbí ikun tó pọ́n tó ń gba ìdí jáde. Ẹ má fún un ní oúnjẹ, ẹ má fún un ní agbo ìyàgbẹ́: ìfun tó dí tí a tún ń fi ipá tì lè bẹ́. Ọsibítù tó ní oníṣẹ́ abẹ ni kí ẹ gbé e lọ lóru ọjọ́ náà. Oníṣẹ́ abẹ lè gé ibẹ̀ láìkọ́kọ́ fà á yọ. Kì í ṣe ìkánjú, ó ń ṣọ́ra kí jẹjẹrẹ má fọ́n ká ni bó bá jẹ́ òun ló wà níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n bá yọ, ẹ rí i pé ó dé lábù, ẹ sì gba ìwé èsì náà pamọ́. Bí wọ́n bá kọ lìpómà, kò sí oògùn jẹjẹrẹ, kì í sì í sábà padà wá níbi tí wọ́n bá ti yọ ọ́ tán. Ẹni tí wọ́n gé apá ọ̀tún ìfun rẹ̀ lè máa yàgbẹ́ gbuuru fún ìgbà díẹ̀, torí omi òróòro ń já wọnú ìfun ńlá. Bí kò bá dáwọ́ dúró, oògùn wà fún un.

Ní báyìí ná, ẹ bi dókítà nípa oògùn irin fún bàbá, ferrous sulphate 200mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ló wọ́pọ̀. Kó fi omi ọsàn gbé e mì, kó má fi tíì gbé e. Ìgbẹ́ rẹ̀ á dúdú. Irin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún PCV yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, bó bá sì ti padà dára, kó ṣì máa lo irin náà fún oṣù 3 sí i kí èyí tó wà ní ìpamọ́ nínú ara lè kún. Bí PCV bá tún ń já bí ó ti ń lò ó, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jò níbì kan, kí ẹ gbé e padà fún dókítà láìdúró de ọjọ́ àdéhùn.